Stephen Keshi: Láti Pápá Kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ékòó dé Ipò Olórí Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Stephen Okechukwu Keshi (1962–2016) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Nàìjíríà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ l'Ékòó, ó di balógun ikọ̀ Nàìjíríà, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994. Ní 2013, ó tún gba ife kan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣáájú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ti gba ife yìí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìyẹn Mahmoud El-Gohary ti ilẹ̀ Íjíbítì, tó gbà á ní 1959 àti ní 1998.

Keshi kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni ìdílé rẹ̀ ti wá, Azare ní àríwá Nàìjíríà ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n Èkó ló ti dàgbà, Èkó ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi wà lára ìtàn tí àwọn òbí wa máa ń sọ nínú yàrá ìgbàlejò ní Woolwich àti Thamesmead nígbà tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kí ni "kọ́lẹ́ẹ̀jì" túmọ̀ sí?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan. Tí ẹ bá ń gbé ní Woolwich tàbí Thamesmead, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ibi tí èèyàn ń lọ lẹ́yìn tó bá ti pé ọmọ ọdún 16. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n l'Ékòó àti Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ibi tí ọmọ ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù, tó ń to ìlà láàárọ̀, tó sì ń ṣe ìdánwò ìparí kó tó wọ yunifásítì. Nítorí náà, tí Dádì tàbí Mọ́mì bá ní, "Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì," ẹ má rò pé àgbàlagbà ni wọ́n nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12.

Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni Keshi lọ. Orúkọ rẹ̀ ni St. Finbarr's College, ó sì wà ní Akoka, l'Ékòó.

Ilé-ẹ̀kọ́ Fáda Slattery

Fáda Denis Slattery ló dá St. Finbarr's sílẹ̀ ní 1956. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni, ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an, kódà òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe rẹfirí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́: ìwé kíkà, bọ́ọ̀lù gbígbá, àti ìbáwí. Wọn kò fi bọ́ọ̀lù ṣe eré lásán níbẹ̀, wọn kò sì gbà kí ó pa ìwé lára.

Ìdíje tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama l'Ékòó nígbà náà ni Principals' Cup. Ẹ lè fi wé ìdíje tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbá láàárín ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ti Èkó máa ń fa èrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọrin, àwọn òbí á wá wòran, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńláńlá náà á wà níbẹ̀. Láti St. Finbarr's ni Henry Nwosu ti jáde, ẹni tó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà l'Ékòó ní 1980, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Ibẹ̀ náà ni Keshi ti jáde.

Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni èyí: nígbà náà, kò sí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé bí èyí tí Charlton Athletic ní lónìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ló ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tó bá jáde láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ ná.

Agbábọ́ọ̀lù

Keshi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ACB l'Ékòó, lẹ́yìn náà ó lọ sí New Nigeria Bank ní Benin City. Ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1983 àti 1984. Ẹ̀yìn ni Keshi ti ń gbá, ó ga, ó sanra dáadáa, ó sì máa ń pàṣẹ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀. "Big Boss" ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú.

Ní 1984, Nàìjíríà lọ sí Ivory Coast fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó kó wọn lọ ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ẹni tí iṣẹ́ olùkọ́ ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù. Ọmọdé ni púpọ̀ nínú àwọn tó kó lọ. Keshi wà lára wọn, Rashidi Yekini náà wà níbẹ̀, nígbà tí Muda Lawal jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ikọ̀. Wọ́n dé àṣekágbá, Lawal ló sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù padà borí pẹ̀lú góòlù 3 sí 1.

(Ọ̀rọ̀ kan lórí orúkọ: ìgbìn ni ìlù tí wọ́n máa ń lù fún Ọbàtálá. Onígbìndé túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ìlù ìgbìn ti dé. Tí ẹ bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ìdílé náà nìyẹn.)

Ní 1985, èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀. Keshi àti àwọn kan pẹ́ dé ibùdó ìgbáradì, wọ́n sì dá wọn dúró. Dípò kó jókòó sílé, ó kọjá sí Abidjan, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Lokeren ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lẹ́yìn náà sí Anderlecht, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù níbẹ̀. Ó gba ife ẹ̀yẹ Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú wọn ní 1988 àti 1989, ó sì gba líìgì ní 1991. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ọ̀nà tí Keshi là yìí. Lónìí, kò jọ ẹnikẹ́ni lójú pé ọmọ Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù. Ní 1986, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ó máa ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́, ó sì máa ń gbà wọ́n sílé. Àwọn àgbà ló ní: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1994, ní Tunisia, Nàìjíríà na Zambia pẹ̀lú góòlù 2 sí 1 ní àṣekágbá. Keshi ni balógun ikọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Amẹ́ríkà. Keshi ti pé ọmọ ọdún 32, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ pápá mọ́. Ìtòsí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ti wo púpọ̀ nínú ìdíje náà.

Mímọ̀ ọ́n gbá, mímọ̀ ọ́n kọ́ni

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá. Tí a bá tú u, ohun tó wà níbẹ̀ ni: ẹni tó ń kọ́ ènìyàn títí tí onítọ̀hún fi mọ̀ ọ́n gbá. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo ayé lọ. Ó ní kó mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ńlá ni kò rí èyí ṣe, torí ohun tí ẹsẹ̀ wọn mọ̀, ẹnu wọn kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Keshi lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Sacramento Scorpions ní California ní 1996, ó sì kọ́ nípa iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Lẹ́yìn tó parí bọ́ọ̀lù gbígbá ní Malaysia, ó padà sílé. Ní 2001, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ó tún di igbákejì Shaibu Amodu nínú ikọ̀ àgbà. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó rí i pé Nàìjíríà yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, wọ́n yọ Amodu àti Keshi kúrò nípò. Oṣù díẹ̀ péré ló kù kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀. Ta ni wọ́n pè? Olóyè Onígbìndé, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá Keshi ní 1984.

Onígbìndé kó ikọ̀ tó kún fún àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Japan. Wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Argentina (1–0) àti Sweden (2–1). Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ni èyí tí àwọn tó ti dàgbà ní Thamesmead kò lè gbàgbé: Nàìjíríà àti England, ní Osaka, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2002. Àárọ̀ kùtù ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ilé ló pín sí méjì, àwọn òbí ń ṣe ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ kan wọ ẹ̀wù England. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 0–0. Aṣọ́lé Nàìjíríà lọ́jọ́ náà ni Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19. Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi tó wọ pápá jẹ́ ọmọ ọdún 17 péré. Wọ́n padà sílé láìborí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ Enyeama, a ó tún pàdé rẹ̀.

Tógò àti Màlì

Ní 2004, Tógò gba Keshi gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Tógò, kò sì tíì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Inú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Senegal ni wọ́n wà, Senegal tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002. Kò sẹ́ni tó fọkàn sí Tógò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Tógò na Congo 3–2 ní Brazzaville, wọ́n sì fi máàkì 2 ṣáájú Senegal. Tógò yege.

Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù fún wọn ni Emmanuel Adebayor, tó gbá 11 wọlé. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: Adébáyọ̀ ni. Lomé ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Adebayor wọ ẹgbẹ́ Arsenal. Àwọn ará Woolwich mọ̀ pé ilé wọn ni Arsenal ti bẹ̀rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà Royal Arsenal ló dá a sílẹ̀ ní 1886, kó tó kó lọ sí àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 1913.

Keshi kò dé Jámánì pẹ̀lú Tógò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì. Wọ́n yọ Keshi, wọ́n sì fi Otto Pfister, ọmọ Jámánì, rọ́pò rẹ̀. Ìgbà kejì nìyẹn tí Keshi ti ṣe iṣẹ́ àtiyege, tí ẹlòmíràn sì kó ikọ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ó padà sí Tógò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ sí Màlì ní 2008. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2010, ní Luanda, Màlì bá Angola ṣí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 11, Angola ti gbá 4 wọlé, Màlì kò ní nǹkan kan. Àwọn òǹwòran ti ń jó. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó parí, Màlì ti gbá 4 wọlé. Ọ̀mì, 4–4. Ṣùgbọ́n Màlì kò kọjá ìpele àkọ́kọ́, wọ́n sì tún yọ Keshi.

Ilé padà pè é

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Nàìjíríà fi Keshi ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ikọ̀ náà kò yege fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 2012, inú àwọn ará ìlú kò sì dùn. Keshi ṣe ohun méjì tí wọ́n bá a jà lé lórí. Àkọ́kọ́, ó fi àwọn olókìkí kan sílẹ̀. Ìkejì, ó mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì abẹ́lé wọ inú ikọ̀. Ọ̀kan lára wọn ni Godfrey Oboabona, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Òmíràn ni Sunday Mba.

Ó tún lo àwọn ọmọ tó dàgbà ní òkè òkun. Victor Moses dàgbà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ikọ̀ ọ̀dọ́ England kó tó yan Nàìjíríà. Abẹ́ Keshi ló ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tó ń ka èyí ní Thamesmead, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bi pé "Níbo gan-an lo ti wá?" nílé-ẹ̀kọ́ mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti rí.

Ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013, Nàìjíríà gbá ọ̀mì méjì, pẹ̀lú Burkina Faso (1–1) àti Zambia (1–1). Wọ́n wá na Ethiopia 2–0, Moses ló gbá góòlù méjèèjì wọlé, pẹnárítì ni méjèèjì. Ìdíje gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kan Ivory Coast, ikọ̀ Didier Drogba àti Yaya Touré. Gbogbo ènìyàn ló ti fi Nàìjíríà sí ọ̀nà ilé. Nàìjíríà borí 2–1, Mba ló gbá èkejì wọlé. Wọ́n na Màlì, ikọ̀ tí Keshi ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ rí, 4–1. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, wọ́n na Burkina Faso 1–0. Mba tún ni, ọmọ líìgì abẹ́lé. Aṣọ́lé wọn ni Enyeama, ọmọ tí Onígbìndé ti fi ṣọ́lé ní Osaka ní ọdún 11 sẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn fi ń ṣe fáàrí níta, ilé rẹ̀ ló ti mú un jáde.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nàìjíríà ti gba ife yìí. Ní 1980, Otto Glória, ọmọ Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1994, Westerhof ni. Ní 2013, Keshi ni, ọmọ onílé àkọ́kọ́ tó ṣe é. Kódà nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ rin ìrìn àjò wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, Jack Finch, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Keshi kò fi èrò rẹ̀ pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sọ ní gbangba ní 2013 pé àwọn ilẹ̀ Áfíríkà máa ń gba òyìnbó tí kò ní ìmọ̀ ju àwọn ọmọ ilẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní owó gọbọi àti àkókò, wọn kò sì ní fún ọmọ ilẹ̀ ní ìdajì irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kò ní kí wọ́n má gba òyìnbó o. Ó ní kí wọ́n gba ẹni tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n sì fi ojú kan náà wo gbogbo ènìyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Lọ́jọ́ kejì tó gba ife, ó kéde pé òun fi ipò sílẹ̀, torí ó rí i pé wọn kò gba òun gbọ́ nígbà tí ìdíje ń lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó yí ìpinnu náà padà. Nígbà tó yá ní ọdún kan náà, ìròyìn gbé e pé oṣù bíi mélòó kan ti kọjá tí wọn kò san owó oṣù rẹ̀.

Ṣé Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Rárá. Ẹ wo pápá ìṣeré The Valley ní Charlton, tí kò jìnnà sí Woolwich rárá. Láti oṣù kìíní ọdún 2011 sí oṣù kẹta ọdún 2014, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà kan náà pẹ̀lú Keshi, Chris Powell ni ọ̀gá Charlton Athletic. Ọmọ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni, aláwọ̀ dúdú. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Charlton, ó sì ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5 fún England. Ní 2012, Charlton gba líìgì onípele kẹta pẹ̀lú máàkì 101 lábẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, tí ẹ bá ka gbogbo ọ̀gá àwọn ẹgbẹ́ 92 tó wà nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó ìka ọwọ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú pọ̀ lọ jàra lórí pápá. Wọ́n gbà kí ẹsẹ̀ wa ṣiṣẹ́. Orí wa ni wọn kò tíì fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ tí Keshi ń jà fún l'Ábújá ni Powell ń gbé ní Charlton.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gba ipò Keshi lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó dé. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2014, ó kó ikọ̀ rẹ̀ wá sí Craven Cottage ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbá ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Scotland. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀wù àwọ̀ ewé kún ibẹ̀.

Ní Brazil, Nàìjíríà gbá ọ̀mì pẹ̀lú Iran (0–0), wọ́n na Bosnia (1–0), wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Argentina (3–2), wọ́n sì wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún. Ilẹ̀ Faransé ló lé wọn jáde pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo ní Brasília. Keshi ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fi ikọ̀ dé ìpele yẹn gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Gbogbo ikọ̀ Áfíríkà tó ti débẹ̀ ṣáájú, àjèjì ló kó wọn lọ.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nàìjíríà kò yege fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 2015, Keshi sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá ní 2015. Ní òpin ọdún yẹn, ìyàwó rẹ̀ kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Keshi náà kú lójijì ní Benin City, ní ọmọ ọdún 54. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Shaibu Amodu tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní 2001 kú pẹ̀lú. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Asaba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Delta, ń jẹ́ orúkọ Stephen Keshi báyìí.

Iṣẹ́ tó ṣe kò parí síbẹ̀. Nígbàkígbà tí Nàìjíríà bá ń wá olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹnì kan á sọ pé ọmọ onílé kò lè ṣe é. Láti 2013, ẹlòmíràn ti ní ìdáhùn: "Keshi ńkọ́?"

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

Agbábọ́ọ̀lù: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù.
Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá: ẹni tó ga jù lọ láàárín àwọn tó ń kọ́ ikọ̀, òun ló ń yan ẹni tí yóò wọ pápá.
Ikọ̀: àwùjọ ènìyàn tí a rán níṣẹ́ pọ̀. Láyé àtijọ́, ikọ̀ ni àwọn tí ọba rán sí ìlú mìíràn. Lónìí, a tún ń lò ó fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè.
Balógun: olórí ogun ní ìlú Yorùbá. Nínú bọ́ọ̀lù, balógun ikọ̀ ni agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣáájú àwọn yòókù.
Aṣọ́lé: ẹni tó ń ṣọ́ ojú ilé kí bọ́ọ̀lù má baà wọlé.
Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀: nígbà tí ikọ̀ méjì bá pàdé lórí pápá láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù.
Ọ̀mì: nígbà tí iye góòlù bá dọ́gba, tí ẹnikẹ́ni kò borí.
Àṣekágbá: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife.
Yege: kí èèyàn ṣe àṣeyọrí nínú ìdánwò tàbí kí ikọ̀ rí ààyè wọ ìdíje.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín

1. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni Dádì tàbí Mọ́mì lọ ní Nàìjíríà, ta sì ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù níbẹ̀?
2. Níbo ni wọ́n wà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2002, ikọ̀ wo ni wọ́n sì ṣe tirẹ̀?
3. Ta ni olùkọ́ tí wọn kò lè gbàgbé, kí ló sì kọ́ wọn tí kò sí nínú ìwé?